Fídíò VHS tó ń ṣe wúruwùru lókè àwòrán, tó sì ń tẹ̀ sápá ọ̀tún: ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ_Ọbọ́kun (Iléṣà)

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀rọ fídíò kan ló wà nílẹ̀ yìí, VHS PAL (ètò àwòrán tẹlifíṣàn tiwa) olórí mẹ́rin, ìyẹn hẹ́ẹ̀dì mẹ́rin, tókunbọ̀ láti Ìlú Ọba. Kásẹ́ẹ̀tì tí a fẹ́ fi kó sínú kọ̀ǹpútà pọ̀: ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, àti Ìwúdè Ìjẹ̀ṣà ìgbà àtijọ́. E-180, oníwákàtí mẹ́ta, ni gbogbo wọn. Bí àwòrán ṣe ń ṣe nìyí:

Wúruwùru funfun kan dúró gbọọrọ lókè àwòrán, ó tó ìdá kan nínú márùn-ún gíláàsì. Kì í rìn. Bí a bá yí tracking (bọ́tìnnì tí a fi ń mú hẹ́ẹ̀dì bọ́ sórí ìlà téèpù), ó máa ń dín kù díẹ̀, kì í lọ. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ kedere. Lókè yẹn kan náà, òpó ilé àti férémù ilẹ̀kùn máa ń tẹ̀ sápá ọ̀tún. Ohùn dára tí a bá lo wáyà SCART (wáyà ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ tó ń gbé àwòrán àti ohùn), ṣùgbọ́n tí a bá gba ihò eríà, àwòrán ń jáde, ohùn kò jáde, ariwo ṣììì lásán ni.

Kásẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń ṣe bákan náà, ẹ̀rọ mìíràn sì gbé ọ̀kan nínú wọn láìsí wàhálà. Kásẹ́ẹ̀tì ìfọhẹ́ẹ̀dì ti kọjá nínú rẹ̀, kò yàtọ̀. Irin wo ni kí n kọ́kọ́ fọwọ́ kàn?

Alágbẹ̀dẹ_Wáyà (Lágéré, Ifẹ̀)

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má tíì fọwọ́ kan irin kankan. Ibi tí wúruwùru bá jókòó sí lójú gíláàsì ló ń tọ́ka sí irin tó ń ṣàárẹ̀, ẹ sì ti ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa.

Dúrọ́ọ̀mù VHS, irin róbótó tí hẹ́ẹ̀dì tó ń ka àwòrán wà lára rẹ̀, fẹ̀ ní mìlímítà 62. Lórí PAL, ìgbà 25 ló ń yí nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn 1,500 ní ìṣẹ́jú kan. Hẹ́ẹ̀dì méjì ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lára rẹ̀, ọ̀kan níhìn-ín, èkejì ní òdìkejì. Bí ọ̀kan bá ti ń kúrò lára téèpù ni èkejì ń wọlé. Ẹ dojú kọ ẹ̀rọ náà: ọwọ́ òsì ni hẹ́ẹ̀dì ti ń pàdé téèpù, òkè àwòrán ló ń kà nígbà yẹn. Bó bá fi máa dé ọwọ́ ọ̀tún, ìsàlẹ̀ àwòrán ló ti ń kà.

Nítorí náà, bí wúruwùru bá dúró lókè, gáìdì ọwọ́ òsì ni kí ẹ fura sí, èyí tó ń darí téèpù wọ ara dúrọ́ọ̀mù. Bó bá dúró nísàlẹ̀, gáìdì ọwọ́ ọ̀tún ni. Bó bá bo gbogbo ojú àwòrán, hẹ́ẹ̀dì ló dọ̀tí tàbí ló ti jẹ tán. Bó bá ń rìn lọ sókè láìdúró, tí àwòrán ń mọ́ tó tún ń bàjẹ́, gáìdì kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ìwọ̀n ìrìn téèpù ló dàrú.

Ohùn tó dára kò túmọ̀ sí pé hẹ́ẹ̀dì dúrọ́ọ̀mù dára o. Ohùn lásán wà ní etí òkè téèpù, hẹ́ẹ̀dì mìíràn tó dúró lójú kan ló ń kà á. Ohùn Hi-Fi nìkan ló ń ti ara dúrọ́ọ̀mù jáde.

Ìbéèrè kan: ṣé kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbà ní LP (ìdajì ìyára SP, ìyára tó wọ́pọ̀) náà ń ṣe bẹ́ẹ̀? Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ olórí mẹ́rin, méjì wà fún SP, méjì fún LP. Bí LP bá mọ́ tí SP kò mọ́, hẹ́ẹ̀dì SP ni ká lọ bá.

Ọmọ_Ọbọ́kun (Iléṣà)

SP àti LP, bákan náà ni, ojú kan náà. Ẹ ṣeun.

Alágbẹ̀dẹ_Wáyà (Lágéré, Ifẹ̀)

Nígbà náà ọ̀nà téèpù ni, kì í ṣe hẹ́ẹ̀dì. Síbẹ̀ ẹ fọ gbogbo ọ̀nà náà kí ẹ tó yí ohunkóhun, nítorí ìdọ̀tí tó bá lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù, níbi tí etí téèpù ń jókòó lé, lè gbé téèpù sókè kó sì ṣe irú wúruwùru yìí gan-an.

Ìyá_Kásẹ́ẹ̀tì (Mọdákẹ́kẹ́)

Kí ẹ tó ṣí i, ẹ jẹ́ ká sọ ti ààbò.

Yọ pulọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri. Pípa á lórí rimóòtù kò tó, nítorí iná ṣì wà nínú rẹ̀. Nínú àpótí iná rẹ̀, kápásítọ̀ ńlá kan wà tó máa ń gba bí fóòtì 325 DC bí iná ilé bá jẹ́ 230, ó sì lè di iná náà mú lẹ́yìn tí ẹ ti yọ pulọ́ọ̀gì. Ẹ fi rẹsísítọ̀ kílóómù 10, wáàtì 5, tí ẹ fi nǹkan tí iná kì í gbà dì lọ́wọ́, kan ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí ẹ wá fi mítà wò ó pé ó ti wálẹ̀. Ẹni tó bá ń fi sukudíráfà kan án kó lè dún pàù, a kì í fi iná sórí òrùlé sùn o. Ó lè fọ́ kápásítọ̀, ó sì lè ba ojú jẹ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú kásẹ́ẹ̀tì tí kò níye lórí fún ìdánwò. Ìwúdè yẹn kò gbọdọ̀ wọ inú ẹ̀rọ náà títí gbogbo nǹkan yóò fi tọ́. Ẹ sì ṣẹ́ táàbù kékeré tó wà lẹ́yìn gbogbo kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ fẹ́ pa mọ́, lápá òsì, kí ìka má baà ṣèèṣì tẹ bọ́tìnnì ìgbàsílẹ̀ kó pa á rẹ́.

Èyí tó ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu: bí ẹ bá ṣí ìdérí ẹ̀rọ nínú oòrùn tàbí lábẹ́ gílóòbù tó mọ́lẹ̀ gan-an, ó lè kọ̀ láti gbé kásẹ́ẹ̀tì, tàbí kó ta á padà síta. Kò bàjẹ́. Iná kékeré tí ojú kò rí wà láàárín ibi tí kásẹ́ẹ̀tì ń jókòó, ojú méjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń ṣọ́ ọ kí ẹ̀rọ lè mọ̀ pé téèpù ti dópin. Oòrùn ń tan àwọn ojú náà jẹ. Ẹ fi páálí bo apá ibẹ̀, tàbí kí ẹ ṣiṣẹ́ níbi tí kò mọ́lẹ̀ púpọ̀.

Elérò_Fídíò (Ìrẹmọ, Ifẹ̀)

Ọ̀nà tí a fi ń fọ hẹ́ẹ̀dì rèé, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ti ń kú.

Òwú etí kò wọ ibẹ̀ rárá. Okùn òwú máa ń há sí ẹnu hẹ́ẹ̀dì, hẹ́ẹ̀dì náà sì le bíi gíláàsì, ó sì ń ṣẹ́ bíi gíláàsì. Ẹ gé ìwé funfun A4 tí a kò tẹ nǹkan sí, kó fẹ̀ bí ìka méjì, kí ẹ ká a ní ìlọ́po. Ẹ rẹ ẹ́ sínú isopropyl alcohol ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ fi ìka tẹ ìwé náà jẹ́ẹ́jẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀mù, kó dúró lójú kan. Ọwọ́ kejì ni kí ẹ fi yí dúrọ́ọ̀mù láti orí rẹ̀, sápá tó ń gbà yí bó bá ń ṣiṣẹ́, ìyẹn òdì sí ìrìn ọwọ́ aago bí ẹ bá ń wò ó láti òkè. Yípo bíi mẹ́wàá tó. Ẹ pààrọ̀ ìwé, kí ẹ tún un ṣe títí ìwé kò fi ní í dúdú mọ́.

Dúrọ́ọ̀mù ló ń yí, ìwé kì í rìn. Ẹ ò gbọdọ̀ nu sókè nu sódò láé, èyí ló ń ṣẹ́ hẹ́ẹ̀dì. Ẹ má sì fi ìka lásán kan ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀mù, òróró ara ń dúró níbẹ̀.

Òwú etí dára fún àwọn yòókù: hẹ́ẹ̀dì tó dúró lójú kan, òpó capstan tó ń fa téèpù rìn, àwọn gáìdì, àti ẹsẹ̀ dúrọ́ọ̀mù tí ọ̀gá Lágéré sọ. Rọ́là rọ́bà tó ń tẹ téèpù mọ́ capstan, ẹ nù ún títí dídán ojú rẹ̀ yóò fi lọ. Bó bá ti le gbagidi tàbí tó sán, pípààrọ̀ ni.

Ẹ dúró fún bí ìṣẹ́jú 15 kí gbogbo rẹ̀ gbẹ. Bí téèpù bá bá omi lára dúrọ́ọ̀mù, yóò lẹ̀ mọ́ ọn, yóò sì wé e, ìyẹn ni òpin téèpù náà.

Atúnnáṣe (Iléṣà)

Ẹ kú ìmọ̀. Ṣùgbọ́n kí la ń fi alcohol 99 wá kiri fún? Spíríìtì tó wà ní ilé oògùn tó ṣe é. Àti pé bí ó bá jẹ́ òkè àwòrán ni, gáìdì òsì ni, ẹ sáà yí orí rẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú sukudíráfà nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì ń lọ, wúruwùru á lọ. Kò gba wákàtí kan.

Elérò_Fídíò (Ìrẹmọ, Ifẹ̀)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, spíríìtì ilé oògùn kò bá iṣẹ́ yìí mu. Omi wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ń po nǹkan mìíràn mọ́ ọn kí ènìyàn má baà mu ún. Bí ó bá gbẹ, ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn yẹn ló ń ṣẹ́kù sẹ́nu hẹ́ẹ̀dì. Isopropyl ìdá 70 náà, omi ló kù nínú rẹ̀. Pẹtiróòlù àti tíńnà ńkọ́? Wọ́n ń yọ́ rọ́bà àti pílásítíìkì. Àwọn tó ń tún fóònù ṣe máa ń ní ìdá 99, ẹ bi wọ́n.

Alágbẹ̀dẹ_Wáyà (Lágéré, Ifẹ̀)

Lórí ọ̀rọ̀ yíyí gáìdì, èmi kò gbà, ìdí rẹ̀ sì ṣe pàtàkì.

Gáìdì kì í ṣàdédé yí fúnra rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é. Bí òkè àwòrán bá bàjẹ́, ẹ bi ara yín pé kí ló yí padà. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́, kì í ṣe gíga gáìdì ló yí padà, ibi tó ń jókòó sí ni. Bí kásẹ́ẹ̀tì bá wọlé, gáìdì méjèèjì máa ń rìn lórí ojú irin wọn, wọ́n á fa téèpù yí dúrọ́ọ̀mù ká, wọ́n á sì wọ inú ẹnu irin kan tó dà bíi V, kí wọ́n dúró gbọn-in. Gíríìsì ojú irin yẹn máa ń gbẹ, á le, á dà bíi gọ́ọ̀mù. Gáìdì kò ní í wọ inú V tán. Bó bá ṣẹ́ku ìwọ̀nba bí ìbú èékánná, téèpù kò ní í jókòó dáadáa lẹ́nu ìwọlé, òkè àwòrán á sì bàjẹ́.

Ẹni tó bá wá yí gáìdì irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ títí àwòrán fi mọ́, ó ti fi àṣìṣe kejì bo ti àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fọ gíríìsì náà, gáìdì á jókòó síbi tó yẹ, gíga rẹ̀ á sì ti dàrú. Àwọn kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀rọ náà bá gbà sílẹ̀ láàárín ìgbà yẹn kò sì ní í mọ́ lórí ẹ̀rọ mìíràn.

Fún ìdánwò: kásẹ́ẹ̀tì ìdánwò ń lọ, ẹ fi igi tín-ín-rín tí kì í ṣe irin ti ìsàlẹ̀ gáìdì òsì síwájú jẹ́ẹ́jẹ́ sínú ẹnu V rẹ̀. Bí wúruwùru bá lọ, ó ti jẹ́wọ́. Ẹ má kan orí rẹ̀, ẹ má sì kan téèpù.

Ọmọ_Ọbọ́kun (Iléṣà)

Gbogbo ọ̀nà téèpù ti di fífọ̀ pẹ̀lú ìdá 99, wúruwùru dín kù, kò lọ tán. Bí mo ṣe fi igi ti ìsàlẹ̀ gáìdì òsì, òkè àwòrán mọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀! Mo yọwọ́, ó padà. Gíríìsì ojú irin náà ti di àwọ̀ ilẹ̀, ó le. Ṣùgbọ́n títẹ̀ sápá ọ̀tún yẹn ṣì wà bó ṣe wà, yálà mo ti gáìdì tàbí mi ò tì í.

Alágbẹ̀dẹ_Wáyà (Lágéré, Ifẹ̀)

Ó dára bẹ́ẹ̀, ọ̀kan ti yanjú. Ẹ yọ kásẹ́ẹ̀tì, ẹ yọ iná. Ẹ fi òwú etí àti alcohol nu gíríìsì àtijọ́ kúrò pátápátá, àti nínú ihò ojú irin, àti lábẹ́ ẹsẹ̀ gáìdì. Lẹ́yìn náà ẹ fi gíríìsì funfun oní-lithium kín in fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Èyí tó tó orí ìṣáná ti pọ̀ tó fún gbogbo ojú irin méjèèjì. Kò gbọdọ̀ kan òpó gáìdì, kò gbọdọ̀ kan capstan, kò gbọdọ̀ kan rọ́bà kankan. Ẹ má fi òróró kẹ̀kẹ́ tàbí òróró ẹ́ńjìnnì rọ́pò rẹ̀, yóò ṣàn débi tí kò yẹ.

Nípa títẹ̀ yẹn, mo fi í sílẹ̀ fún Ìyá_Kásẹ́ẹ̀tì.

Ìyá_Kásẹ́ẹ̀tì (Mọdákẹ́kẹ́)

Òkè àwòrán tó tẹ̀, ìfà téèpù ni. Téèpù gbọ́dọ̀ le níwọ̀n kan bó ṣe ń wọ ara dúrọ́ọ̀mù, ìwọ̀n kan náà tó fi le lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á sílẹ̀. Bó bá dẹ̀ jù, gígùn rẹ̀ á dín kù díẹ̀. Bí hẹ́ẹ̀dì kan bá fi iṣẹ́ lé èkejì lọ́wọ́, èyí tó gbà á kò ní í débẹ̀ lásìkò tó yẹ, àwọn ìlà àkọ́kọ́ á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí tẹlifíṣàn tó rí wọn mú padà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ òkè ló ń tẹ̀.

Ohun tó ń fún téèpù ní ìfà ni bẹ́líìtì irin pẹlẹbẹ kan tó wé mọ́ àwo kẹ̀kẹ́ òsì, èyí tó gbé kẹ̀kẹ́ téèpù tó ń tú. Aṣọ onírun tín-ín-rín ló wà nínú bẹ́líìtì náà tó ń dá àwo dúró díẹ̀díẹ̀. Apá kan tó ní òpó lórí ló ń darí rẹ̀. Aṣọ yẹn ló ń jẹ, tàbí kó ṣí kúrò.

Kí ẹ tó tú u, ìdánwò méjì. Àkọ́kọ́, ẹ lo ojú AV tẹlifíṣàn. Àwọn tẹlifíṣàn àtijọ́ lọ́ra láti tẹ̀lé ìyípadà àsìkò bí fídíò bá gba ihò eríà. Púpọ̀ nínú wọn ní nọ́ńbà ìkànnì kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún fídíò. Bó bá tọ́ lórí AV, tẹlifíṣàn ló ń ṣe é. Èkejì, bí kásẹ́ẹ̀tì ìdánwò bá ń lọ, ẹ fi igi tín-ín-rín ti òpó apá ìfà yẹn sápá òsì fẹ́ẹ́rẹ́ kí téèpù le sí i. Bí òpó ilé inú àwòrán bá nà tọ́, ìfà ló kéré.

Àmọ́ ẹ má ṣe àṣejù ìfà náà o. Bó bá pọ̀ jù, téèpù á fà gùn, hẹ́ẹ̀dì á sì jẹ kíákíá.

Ọmọ_Ọbọ́kun (Iléṣà)

SCART ni mo fi wò ó, ó ṣì tẹ̀. Bí mo ti òpó náà sósì, ó nà tọ́. Aṣọ onírun náà ti ṣí lápá kan, ìdajì rẹ̀ ti jẹ tán.

Ìyá_Kásẹ́ẹ̀tì (Mọdákẹ́kẹ́)

Ẹ wá odindi bẹ́líìtì náà lára ẹ̀rọ òkú tó jẹ́ irú kan náà, ìyẹn ló dára jù. Bí kò bá sí, ẹ yọ aṣọ àtijọ́, ẹ fi alcohol nu gọ́ọ̀mù rẹ̀ kúrò, kí ẹ fi aṣọ onírun tó nípọn bíi ti tẹ́lẹ̀ lẹ̀ ẹ́. Ẹ wọn bí ó ṣe fẹ̀ àti bí ó ṣe gùn kí ẹ tó ya èyí tó ti jẹ yẹn dànù. Gọ́ọ̀mù tó máa ń gbẹ rọ̀ ni kí ẹ lò, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Super glue máa ń gba inú aṣọ kọjá, á sì le bí òkúta, bẹ́líìtì á wá máa han.

Ìdè kékeré kan wà lẹ́sẹ̀ bẹ́líìtì tí a fi ń sún un. Ẹ fi kútẹ́ẹ̀sì ṣàmì sí ibi tó wà kí ẹ tó tú u, kí ẹ sì dá a padà síbẹ̀. Ìwé àtúnṣe ẹ̀rọ náà ló sọ ibi tí òpó apá ìfà yẹ kó dúró sí bí kásẹ́ẹ̀tì bá ń lọ; ibẹ̀ ni kí ẹ fi ṣe ìwọ̀n, kì í ṣe ojú nìkan.

Gbogbo_Ẹ̀rọ (Ṣábó, Ifẹ̀)

Ẹ fún ohùn eríà láàyè díẹ̀, mi ò rí ẹni tó dáhùn rẹ̀. Ẹ̀rọ Ọmọ_Ọbọ́kun kò lárùn níbẹ̀. Ní Ìlú Ọba, PAL-I ni wọ́n ń lò títí di ọdún 2012, ohùn wọn wà ní mẹ́gáháàtì 6.0 lókè àwòrán. Nàìjíríà ń lo PAL-B/G, ohùn tiwa wà ní 5.5. Tẹlifíṣàn tí a ṣe fún ibí ń wá ohùn ní 5.5, kò bá a níbẹ̀, ariwo ṣììì ló ń gbọ́. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, ìyípadà kékeré tí wọ́n kọ I àti G sí máa ń wà lára àwọn kan, tàbí kó wà nínú àwọn ìtò rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ máa lo SCART. Ẹsẹ̀ 19 ni àwòrán ń gbà jáde, ilẹ̀ rẹ̀ wà ní 17. Ohùn òsì wà ní 3, ohùn ọ̀tún ní 1, ilẹ̀ wọn ní 4. Ẹ lè fi í ṣe wáyà RCA fúnra yín. Àwòrán SCART tún mọ́ ju ti eríà lọ, kò sí ìdí tí ẹ ó fi máa wá eríà.

Ẹni tó bá sì ra tókunbọ̀ Amẹ́ríkà tàbí Japan, kó wo ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó ki pulọ́ọ̀gì bọ ògiri. NTSC ni wọ́n, ètò àwòrán tó yàtọ̀ sí PAL; ti Amẹ́ríkà ń lo fóòtì 120, ti Japan 100. Iná 230 yóò jó àpótí iná rẹ̀.

Bàbá_Téèpù (Iléṣà)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo tèmi náà. Wúruwùru tirẹ̀ ń gòkè láti ìsàlẹ̀, àwòrán á mọ́ fún ìgbà díẹ̀, á tún bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe. Tracking kò ràn án. Ohùn ń fà nígbà mìíràn, ó ń sáré nígbà mìíràn.

Alágbẹ̀dẹ_Wáyà (Lágéré, Ifẹ̀)

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Èyí yàtọ̀ sí ti òkè pátápátá, ẹ má fọwọ́ kan gáìdì. Ní etí ìsàlẹ̀ téèpù, àmì kan wà tí wọ́n ń tẹ̀ sílẹ̀ ní ìgbà 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àmì yẹn ni ẹ̀rọ fi ń mọ bí téèpù ṣe yẹ kó yára tó, kí hẹ́ẹ̀dì lè bọ́ sórí ìlà tirẹ̀. Téèpù SP ń rìn ní mìlímítà 23.39 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, LP ní ìdajì rẹ̀. Bí ẹ̀rọ kò bá rí àmì náà, capstan á máa yí bó ṣe wù ú, ẹ̀rọ kò sì ní í mọ̀ bóyá SP ni tàbí LP.

Hẹ́ẹ̀dì tó dúró lójú kan, lápá ọ̀tún dúrọ́ọ̀mù, ló ń ka àmì yẹn: apá òkè rẹ̀ fún ohùn, apá ìsàlẹ̀ fún àmì. Ẹ fọ apá ìsàlẹ̀ yẹn dáadáa, ìdọ̀tí téèpù máa ń kó jọ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, rọ́là rọ́bà: bó bá ti dán, téèpù á máa yọ̀ láàárín rẹ̀ àti capstan. Ẹ tún wo etí ìsàlẹ̀ téèpù fúnra rẹ̀ bóyá ó ti ká. Bí kásẹ́ẹ̀tì kan péré ló ń ṣe é, àmì ara téèpù náà ló ti bàjẹ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá mọ́ tó sì ṣì ń ṣe é, bẹ́líìtì capstan tàbí mọ́tò rẹ̀ ni kí ẹ lọ bá.

Bàbá_Téèpù (Iléṣà)

Nǹkan dúdú ló kún apá ìsàlẹ̀ hẹ́ẹ̀dì náà. Ó ti ń lọ geere. Ẹ ṣé o, Ọlọ́run á bù kún yín.

Gbogbo_Ẹ̀rọ (Ṣábó, Ifẹ̀)

Kí n fi ti iná kún un, nítorí kò jọ wúruwùru, àwọn ènìyàn sì máa ń pè é ní àìsàn hẹ́ẹ̀dì. Bí ojú àwòrán bá ní ìbòjú méjì gbọọrọ tó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ lọ sókè tàbí sódò, tàbí àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó dagun kọjá, tí nọ́ńbà aago ojú ẹ̀rọ sì ti ń ṣókùnkùn, kápásítọ̀ àpótí iná ló ti gbẹ. Ìbòjú méjì ní tirẹ̀, àyípadà iná 50 háàtì tó ti di 100 ni kápásítọ̀ kò lè gbé mì mọ́. Ẹ wo èyí tí orí rẹ̀ wú tàbí tí ìdí rẹ̀ ń ṣomi; ṣùgbọ́n kápásítọ̀ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ IC iná máa ń kú láìwú, òun ló ń jẹ́ kí ẹ̀rọ kọ̀ láti tàn lẹ́yìn tí NẸ́PÀ bá mú iná lọ tó sì dá a padà. Ìwọ̀n microfarad kan náà, fóòtì kan náà tàbí tó jù ú lọ, ooru 105°C. Ẹsẹ̀ tó gùn ni ẹsẹ̀ pósítíìfù (+). Bí ẹ bá yí i padà, á bú.

Ọmọ_Ọbọ́kun (Iléṣà)

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ó ti parí. Gíríìsì tuntun wà lójú irin, gáìdì ń wọ ẹnu V tán, mi ò sì yí ìdè rẹ̀ kankan. Aṣọ onírun tuntun wà nínú bẹ́líìtì. Òkè àwòrán mọ́, òpó ilé tọ́. Ẹ ṣeun púpọ̀ púpọ̀.

Ohun méjì ló kù. Lójú kọ̀ǹpútà, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń gbọ̀n wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Kò sí lójú tẹlifíṣàn. Àti pé nínú fèrèsé ọ̀kan lára kásẹ́ẹ̀tì náà, nǹkan funfun bí ẹ̀fun wà lórí téèpù.

Elérò_Fídíò (Ìrẹmọ, Ifẹ̀)

Ìlà ìsàlẹ̀ yẹn, ẹ fi í sílẹ̀. Ibẹ̀ ni hẹ́ẹ̀dì kan ti ń fi iṣẹ́ lé èkejì lọ́wọ́, ìlà mélòó kan ṣáájú kí àwòrán tó parí. Gbogbo VHS ló ní i. Férémù tẹlifíṣàn àtijọ́ ló ń bò ó. Bí ẹ bá ti kó o sínú kọ̀ǹpútà tán, ẹ gé e tàbí kí ẹ fi dúdú bò ó. Gáìdì ọ̀tún kò ní ẹ̀bi níbẹ̀, ẹ má lọ yí i.

Fún ìkósílẹ̀, 720×576, férémù 25, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà láìpa ìlà rẹ̀ pọ̀. Bí ẹ bá lo DV (irú fáìlì fídíò kan), wákàtí kan ń gba bíi gigabyte 13, E-180 kan tó kún á sì gba nǹkan bíi 39. Ẹ ra ibi ìpamọ́ tó tó kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìyá_Kásẹ́ẹ̀tì (Mọdákẹ́kẹ́)

Nǹkan funfun yẹn, èébu ni. Kò gbọdọ̀ wọ inú ẹ̀rọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe, yóò dí hẹ́ẹ̀dì, yóò sì ran gbogbo kásẹ́ẹ̀tì tó bá tẹ̀lé e. Ẹ yà á sọ́tọ̀ nínú ọ̀rá tí ẹ dì, kúrò láàárín àwọn yòókù. Ẹ kọ́kọ́ gbẹ ẹ́ nínú àpótí tó ní silica gel, kì í ṣe nínú oòrùn, ooru ń ká téèpù. Lẹ́yìn náà, níta gbangba, pẹ̀lú ìbomú, ẹ tú sukúrù márùn-ún tó wà lábẹ́ kásẹ́ẹ̀tì náà, kí ẹ fi ọwọ́ yí téèpù láti kẹ̀kẹ́ kan sí èkejì láàárín aṣọ tí kì í yọ òwú. Ẹ gbé e wò lórí ẹ̀rọ mìíràn tí kò níye lórí, kí ẹ sì fọ hẹ́ẹ̀dì ẹ̀rọ náà lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn tó mọ́ ni kí ẹ kó lákọ̀ọ́kọ́. Láti oṣù keje ọdún 2016 ni ilé iṣẹ́ Funai ní Japan ti dáwọ́ ṣíṣe fídíò VHS dúró, àwọn sì ni wọ́n ṣe é kẹ́yìn lágbàáyé. Hẹ́ẹ̀dì tó bá jẹ tán báyìí, ara ẹ̀rọ òkú la ó ti máa wá òmíràn. Ìwúdè ni kí ẹ fi ṣáájú. Ẹ yí i lọ sí òpin, kí ẹ yí i padà sí ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láìgbé àwòrán, kí téèpù tú kúrò lára ara rẹ̀, kí ìfà rẹ̀ sì dọ́gba, kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì ìkósílẹ̀.

Ọmọ_Ọbọ́kun (Iléṣà)

Mo ti gbọ́, Ìyá. Ìwúdè ti wọlé, mo ń yí i lọ sí òpin lọ́wọ́lọ́wọ́.